Ká Gbóhùn Ìyá, Ká Gbóhùn Ọmọ: Àgbéyẹ̀wò Òfin Oyún Ṣíṣẹ́ àti Àṣírí Aláìsàn ní Ìpínlẹ̀ Èkó

Ní ọjọ́ 28 oṣù Òkúdù ọdún 2022, ilé iṣẹ́ ètò ìlera Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìwé ìtọ́sọ́nà olójú ewé 40 kan jáde. Ìwé náà ń ṣàlàyé fún dókítà àti nọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe lè yọ oyún láìséwu níbi tí òfin bá ti gbà wọ́n láyè. Ọjọ́ mẹ́wàá kò tíì pé tí Kọmíṣọ́nà ètò ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Abáyọ̀mí, fi kéde ní ọjọ́ 7 oṣù Agẹmọ pé ìjọba ti dá ìwé náà dúró ná, kí àwọn lè tún fọ̀rọ̀ wérọ̀ pẹ̀lú àwọn tọ́rọ̀ kàn, kí ará ìlú sì lóye rẹ̀ dáadáa.

Ìbéèrè méjì tó so kọ́ra ló wà nídìí awuyewuye yìí. Èkíní: nígbà tí oyún bá di ewu fún obìnrin, tàbí tó bá jẹ́ èyí tí kò fẹ́, ta ló yẹ kó pinnu? Èkejì: ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín obìnrin náà àti ẹni tó tọ́jú rẹ̀? Ní Ifákọ̀ tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Kosofe, èyí tí a kò gbọdọ̀ ṣì mú fún Ifákọ̀-Ìjàyè, ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àwọn lọ́yà nìkan. Ilé ìwòsàn ìjọba ti Gbàgádà wà nítòsí wọn níbẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn aládàáni wà ládùúgbò kọ̀ọ̀kan láti Ṣólúyì dé Kétu, Ìkòsì àti Máìlì 12. Àmọ́ kẹ́mísì àti alágbo ló sún mọ́ ẹnu ọ̀nà àwọn ènìyàn jù lọ. Ohun tí òfin bá sọ, tàbí ohun tí kò sọ, ló máa ń pinnu èwo nínú wọn ni obìnrin yóò kọ́kọ́ yà sí.

Èrò márùn-ún ló gbilẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Àgbéyẹ̀wò yìí yóò tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, yóò sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti lágbára àti ibi tó kù sí. Wọ́n yapa gidigidi, ṣùgbọ́n ibi díẹ̀ kan wà tí gbogbo wọn ti pàdé. Ohun tó ṣeni ní kàyéfì ni pé ibi díẹ̀ náà gan-an ni ìjọba fi sílẹ̀ láìsí ìtọ́sọ́nà.

Ohun tó wà nínú ìwé òfin

Òfin tó de oyún ṣíṣẹ́ ní ilẹ̀ wa ní gbòǹgbò nínú òfin tí ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1861. Àwọn amúnisìn kó o wọ inú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1916, òmìnira sì bá a níbẹ̀. Nígbà tí Èkó ṣe ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tirẹ̀ ní 2011, lábẹ́ Gómìnà Babátúndé Raji Fáṣọlá, ìjìyà àtijọ́ náà ló tún wọlé. Abala 145 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún ẹni tó bá ṣẹ́ oyún fún obìnrin láìbófin mu. Abala 146 fi ọdún 7 lélẹ̀ fún obìnrin tó bá ṣẹ́ tirẹ̀. Abala 147 fi ọdún 3 lélẹ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ pèsè oògùn tàbí irinṣẹ́ fún iṣẹ́ náà.

Àmọ́ òfin kan náà ṣí fèrèsé kékeré kan sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ètò ìlera gbé ìwé 2022 ka orí abala 201, èyí tí wọ́n kà pé ó yọ̀ǹda kí dókítà yọ oyún láti dóòlà ẹ̀mí ìyá tàbí láti dáàbò bo ìlera ara rẹ̀. Ìwé náà kò dá ẹ̀tọ́ tuntun kankan sílẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó gbìyànjú láti sọ irú àìsàn tó wọ abẹ́ òfin, ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ náà, àti irú ilé ìwòsàn tó yẹ kí wọ́n ti ṣe é.

Lórí àṣírí, òfin mẹ́ta ló ṣe pàtàkì. Abala 37 ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo ìgbé ayé ìkọ̀kọ̀ ọmọ ìlú àti ìdílé rẹ̀. Abala 26 òfin ètò ìlera orílẹ̀-èdè ti 2014 ní àṣírí ni gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ àìsàn, ìtọ́jú àti ìgbà tí aláìsàn fi wà nílé ìwòsàn. Òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 sì ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ irú ìsọfúnni tó gba ìṣọ́ra jù lọ.

Èrò kìíní: kí òfin dúró bó ṣe wà

Ìjọ Kátólíìkì ló ń sọ èrò yìí jáde jù. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà wọn ní Èkó, Alfred Adéwálé Martins, wà lára àwọn tó ké sí ìjọba ní 2022 pé kí wọ́n kó ìwé náà kúrò nílẹ̀. Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn ni pé ẹ̀mí ènìyàn ti wà láti ìgbà tí oyún bá ti dúró, àti pé ìjọba kò ní àṣẹ láti sọ ẹ̀mí aláìṣẹ̀ di ohun tí a ń wọ̀n lórí òṣùwọ̀n. Kátólíìkì gbà kí wọ́n tọ́jú àìsàn ìyá, kódà bí oyún bá bá a lọ, ṣùgbọ́n wọn kò gbà kí pípa oyún jẹ́ ohun tí a dìídì gbèrò.

Láàárín àwọn Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ náà ní ìpele. Màdíhábù Màlíkì, ìyẹn ẹ̀ka òfin Ìsìláàmù tí Mùsùlùmí Yorùbá ń tọ̀, le lórí oyún ṣíṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀ka Hánáfì kan fi àyè sílẹ̀ kí ọlẹ̀ tó pé 120 ọjọ́, ìyẹn ìgbà tí wọ́n gbà pé a fẹ́ ẹ̀mí sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá wà lẹ́nu ikú, ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé ẹ̀mí rẹ̀ ló ṣíwájú.

Àṣà náà wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Àdúrà tí Yorùbá ń gbà fún aboyún ni pé ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ. Àwọn tó wà ní ìhà yìí ní àdúrà náà kò yọ ẹnì kankan sílẹ̀.

Ibi tí èrò yìí ti lágbára ni pé ó fa ìlà tó hàn kedere, ó sì bá ìgbàgbọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn mu nílùú tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ti kún. Ó tún ní ẹ̀sùn tó tọ́ láti dáhùn: ìwé tó kan ẹ̀mí àti ìgbàgbọ́ kò yẹ kó jáde láti ọ́fíìsì ìjọba kí ará ìlú tó gbọ́ nípa rẹ̀. Wọ́n sì ní ẹ̀rù pé bí àyè bá ṣí díẹ̀, yóò máa fẹ̀ sí i títí yóò fi di ẹnu géètì.

Ibi tó kù sí ni pé ìdínà náà kò tíì dí ọ̀nà. Ìwádìí tí àjọ aṣèwádìí Guttmacher ṣe pẹ̀lú àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn fojú bù ú pé oyún tí wọ́n ṣẹ́ ní Nàìjíríà ní 2012 tó mílíọ̀nù kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin, nígbà tí òfin yìí wà níbẹ̀ digbí. Wọ́n ní nǹkan bí 212,000 obìnrin ló gba ìtọ́jú lọ́dún náà nítorí àkóbá tó tẹ̀ lé e. Ìfojúbù ni ìṣirò yìí lóòótọ́, torí ohun tí òfin bá sọ di ìkọ̀kọ̀ kì í ṣeé kà ní tààrà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń sọ pé iye náà kéré. Àlàfo kejì ni pé ìwé tí wọ́n dá dúró kò sọ̀rọ̀ ju ibi tí ẹ̀mí tàbí ìlera ìyá ti wà nínú ewu lọ. Nígbà tí ó dúró, àyè tí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn pàápàá fi sílẹ̀ fún ẹ̀mí ìyá kò ní ìtọ́sọ́nà mọ́.

Èrò kejì: òfin tó, àlàyé ni kò tó

Àwọn dókítà abiyamọ ló wà nídìí èrò yìí jù. Wọn kò ní kí ilé aṣòfin fọwọ́ kan ohunkóhun. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé bí òfin bá gbà kí a dóòlà ẹ̀mí ìyá, kí ẹnì kan sọ fún dókítà bí yóò ṣe mọ̀ pé ẹ̀mí náà ti wà nínú ewu.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí èyí túmọ̀ sí ní yàrá ìtọ́jú. Aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga tí gìrì sì ń mú, aboyún tí ọkàn rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa, aboyún tó ní àìsàn ẹ̀jẹ̀ SS tí ìrora rẹ̀ ń le sí i lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀: nígbà wo ni dókítà lè sọ pé ó ti tó? Bí ó bá tètè ṣe é, ọlọ́pàá lè bi í pé kí ló rí. Bí ó bá dúró kí ewu hàn gbangba, obìnrin náà lè má dé ọ̀la. Níbi tí kò bá sí ìwé tó dáhùn, ìwà ẹ̀dá ni kí dókítà kọ lẹ́tà pé kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn. Yorùbá a máa tu ìdílé tó pàdánù ọmọ nínú pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Àwọn dókítà yìí ní iṣẹ́ àwọn ni pé kí agbè má fọ́, kí òfin sì sọ fún àwọn bí àwọn yóò ṣe dì í mú.

Èrò yìí ní ẹsẹ̀ láti dúró lé. Ìjọba àpapọ̀ ti gbé ìwé tirẹ̀ jáde ní 2018 lórí ọ̀rọ̀ kan náà, nítorí náà Èkó kì í ṣe àkọ́kọ́. Ghana kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ pẹ̀lú: wọ́n tún òfin wọn ṣe ní 1985, wọ́n gbà á láyè fún ìfipábánilòpọ̀, ìbálòpọ̀ láàárín ìbátan àti ewu sí ìlera, ṣùgbọ́n ó tó ogún ọdún kí ìlànà iṣẹ́ tó kún tó dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Láàárín ìgbà náà, òfin wà, ìtọ́jú kò fi bẹ́ẹ̀ wà.

Àléébù rẹ̀ ni pé ohun tí kálàmù ọ́fíìsì kọ, kálàmù ọ́fíìsì lè pa á rẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i ní 2022. Ìwé ìtọ́sọ́nà kò de ọlọ́pàá, kò sì de adájọ́. Bákan náà ni kò lè kọjá ohun tí òfin fúnra rẹ̀ sọ. Ọmọbìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ tó sì lóyún kò sí nínú rẹ̀, àyàfi bí ara rẹ̀ bá wà nínú ewu. Ìpalára ọkàn ńkọ́? Ní Lọndọnu ní 1938, nínú ẹjọ́ Dókítà Aleck Bourne, tó yọ oyún fún ọmọ ọdún 14 tí àwọn ṣọ́jà fipá bá lò pọ̀, adájọ́ gbà pé bí oyún bá máa ba ara tàbí ọpọlọ obìnrin jẹ́ pátápátá, a lè kà á mọ́ ewu ẹ̀mí. Bóyá ọ̀rọ̀ “ìlera ara” tí Èkó ń lò ti ilẹ̀kùn yẹn tàbí kò tì í, awuyewuye ńlá ni láàárín àwọn lọ́yà.

Èrò kẹta: kí òfin fúnra rẹ̀ yí padà

Àwọn agbẹjọ́rò ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ obìnrin ló ń sọ èyí. Wọ́n ní ìjìyà tó wà nínú abala 145 sí 147 kò yẹ kó tẹ̀ lé obìnrin wọ ilé ìwòsàn. Wọ́n ń tọ́ka sí àdéhùn Maputo, tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fọwọ́ sí ní 2003 tí Nàìjíríà sì gbà ní 2004. Àdéhùn náà ní kí ìjọba gba oyún yíyọ láyè níbi ìfipábánilòpọ̀, ìbálòpọ̀ láàárín ìbátan, tàbí bí oyún bá ń fi ìlera ọkàn àti ara ìyá sínú ewu.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wọn jù ni orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí ní Kétu, Sákétẹ́ àti Pọbẹ̀. Ní oṣù Ọ̀wàrà 2021, ilé aṣòfin wọn dìbò láti gba oyún yíyọ láyè títí di ọ̀sẹ̀ 12, bí oyún náà bá lè kó obìnrin sínú wàhálà owó, ẹ̀kọ́, iṣẹ́ tàbí ti ọkàn. Mínísítà ìlera wọn, Benjamin Hounkpatin, ní nǹkan bí 200 obìnrin ló ń kú lọ́dọọdún nítorí oyún tí wọ́n ṣẹ́ lọ́nà tí kò dára. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì Bẹ̀nẹ̀ tako ó gidigidi, ṣùgbọ́n òfin náà dúró.

Agbára èrò yìí ni pé ó kojú orísun ìbẹ̀rù: bí ẹ̀wọ̀n kò bá sí mọ́, dókítà kò ní sá, obìnrin kò sì ní fara pamọ́. Àwọn tó ṣe òfin náà fún wa pàápàá ti kúrò lórí rẹ̀. Bìrìtéènì ṣí ọ̀nà ní 1967, ní oṣù Òkúdù 2025 sì ni ilé aṣòfin kékeré wọn dìbò, 379 sí 137, pé kí wọ́n má ṣe fẹ̀sùn ọ̀daràn kan obìnrin tó bá ṣẹ́ oyún ara rẹ̀ mọ́.

Àmọ́ ìtàn tiwa kò gbè é lẹ́yìn. Àbá irú èyí dé ilé aṣòfin Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ó sì ṣubú. Àtakò kò ti ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn nìkan wá. Ẹgbẹ́ obìnrin orílẹ̀-èdè wà níbẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Imo, òfin kan tó tako ìwà ipá fún obìnrin láyè lórí ọ̀rọ̀ ìbímọ rẹ̀. Nígbà tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù yarí, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà yí ọwọ́ padà ní 2013. Ní Sierra Leone, ilé aṣòfin fọwọ́ sí òfin ní 2015, ààrẹ ìgbà náà, Ernest Bai Koroma, sì kọ̀ láti buwọ́ lù ú. Àdéhùn Maputo pàápàá kò lágbára ní kóòtù wa, torí abala 12 ìwé òfin ní ilé aṣòfin gbọ́dọ̀ sọ àdéhùn òkèèrè di òfin ilẹ̀ wa kó tó lè de ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ yí padà lẹ́ẹ̀kan lè pàdánù ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́.

Èrò kẹrin: àṣírí aláìsàn ló yẹ ká kọ́kọ́ dì mú

Àwọn kan ní àríyànjiyàn lórí ìgbà tí ẹ̀mí bẹ̀rẹ̀ kò ní parí, kò sì pọn dandan kó parí kí a tó dáàbò bo ènìyàn. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ dúró lé ni pé ohun tí aláìsàn bá dókítà sọ kò gbọ́dọ̀ jáde. Ìpìlẹ̀ wọn ní ilẹ̀ wa ni ẹjọ́ Okonkwo, tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ní 2001. Obìnrin kan tó jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà kọ̀ láti gba ẹ̀jẹ̀, dókítà rẹ̀, Okonkwo, bọ̀wọ̀ fún ìpinnu náà, obìnrin náà sì kú. Ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn dókítà wí fìyà jẹ dókítà, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ dá a láre, wọ́n ní ẹ̀tọ́ aláìsàn sí ìgbé ayé ìkọ̀kọ̀ àti sí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ fún un ní agbára láti kọ ìtọ́jú. Ìdájọ́ yẹn kì í ṣe lórí oyún, ṣùgbọ́n ó sọ ẹni tó ni ara.

Ìwé kan ni òfin àṣírí, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé ìwòsàn sì jẹ́ òmíràn. Ẹni tó bá ti gba káàdì rí ní ilé ìwòsàn ìjọba mọ bó ṣe ń lọ. Wọ́n á bi aláìsàn ní ojú fèrèsé, níbi tí èrò tò sí lẹ́yìn rẹ̀, pé kí ló ń ṣe é, ọmọ ọdún mélòó ni, ṣé ó ti lọ́kọ. Fáìlì rẹ̀ á gba ọwọ́ akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ kó tó dé tábìlì dókítà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n ṣì ń béèrè ìbuwọ́lù ọkọ kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyàwó, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀ ni òfin 2014 fi ìyọ̀ǹda sí. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ obìnrin fi gba kẹ́mísì lọ. Níbẹ̀, a kì í kọ orúkọ sílẹ̀. Oògùn misoprostol tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2006 láti dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni wọ́n máa ń rà fún nǹkan mìíràn, láìsí ẹni tó wọn ìwọ̀n rẹ̀ fún wọn tàbí tó sọ ohun tí wọn yóò ṣe bí ẹ̀jẹ̀ bá kọ̀ tí kò dá.

Agbára èrò yìí ni pé ẹlẹ́sìn àti aláìlẹ́sìn lè jọ fọwọ́ sí i. Kò sí ìjọ tó ní kí nọ́ọ̀sì máa ròyìn aláìsàn kiri. Ó sì bọ́ sí àsìkò. Ìjọba Èkó ti sọ adójútòfò ìlera di dandan láti 2024, ètò adójútòfò ìpínlẹ̀ náà, Ìlera Èkó, ń gba àwọn ènìyàn wọlé, àkọsílẹ̀ ìlera sì ń kúrò nínú fáìlì lọ sínú kọ̀ǹpútà. Bí àkọsílẹ̀ bá ṣe ń kóra jọ ni ojú tó lè rí i ṣe ń pọ̀ sí i.

Àmọ́ àbò àṣírí ní ihò. Abala 26 gbà kí ilé ìwòsàn tú àṣírí bí kóòtù bá pàṣẹ, bí òfin mìíràn bá béèrè rẹ̀, tàbí bí aláìsàn bá jẹ́ ọmọdé tí òbí rẹ̀ fọwọ́ sí i. Abala 45 ìwé òfin ilẹ̀ wa sì gbà kí ìjọba dín ẹ̀tọ́ ìkọ̀kọ̀ kù nítorí ìwà rere àti ìlera àwùjọ. Amẹ́ríkà ni ẹ̀kọ́ tó le jù. Orí ẹ̀tọ́ ìkọ̀kọ̀ ni ìdájọ́ Roe ti 1973, èyí tó sọ oyún yíyọ di ẹ̀tọ́ níbẹ̀, dúró lé. Ní ọjọ́ 24 oṣù Òkúdù 2022, ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ìwé Èkó, ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ wó o lulẹ̀. Ní Texas, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí ní Houston, òfin ti fún ẹnikẹ́ni láyè láti 2021 láti pe ẹni tó bá ran obìnrin lọ́wọ́ lẹ́jọ́ kó sì gba owó tó tó 10,000 dọ́là ó kéré tán. Ní Nebraska, ọ̀rọ̀ tí ìyá àti ọmọ bára wọn sọ lórí Facebook di ẹ̀rí lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Níbi tí òfin bá ti sọ ìtọ́jú kan di ẹ̀ṣẹ̀, àṣírí nìkan kò lè gbé e. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àṣírí kì í tọ́jú ènìyàn. Ilé ìwòsàn lè pa ẹnu mọ́ kó sì tún kọ̀ láti ṣiṣẹ́.

Èrò karùn-ún: kí a dènà oyún tí a kò fẹ́

Àwọn tó di èrò yìí mú ń sọ pé gbogbo àríyànjiyàn òkè yìí ń dé lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Bí ìfètòsọ́mọbíbí bá dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tó fẹ́ ẹ, oyún tí a ó máa jà lé lórí yóò dín kù. Ìwádìí ìlera orílẹ̀-èdè ti 2018 fi hàn pé ìdá 12 péré nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin abilékọ ló ń lo ọ̀nà ìgbàlódé, ìdá 19 sì wà tó fẹ́ fi àlàfo sí ọmọ bíbí tàbí dáwọ́ dúró ṣùgbọ́n tí wọn kò lo ohunkóhun.

Ó rọrùn láti gbà fún wọn. Owó rẹ̀ kò pọ̀ tó ti ìtọ́jú àkóbá, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé lè ṣe é, kò sì sí ẹ̀wọ̀n nínú rẹ̀. Ìwádìí kan náà ní ìyá 512 ló ń kú nínú ọmọ 100,000 tí a bí láàyè. Oyún tí kò wáyé kò lè dá kún iye náà.

Ibi tó kù sí ni pé kò ní èsì kankan fún ẹni tó ti lóyún. Ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ kò ráyè fètò sí i. Oyún tí obìnrin fẹ́ tọkàntọkàn náà lè di ewu ní oṣù kẹrin. Ìfohùnṣọ̀kan náà kò sì tó bó ṣe jọ: Kátólíìkì tako ọ̀nà ìgbàlódé fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ òbí ni kò sì fẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọmọ iléèwé. Ibi tí ọ̀dọ́bìnrin bá ti ń bẹ̀rù pé nọ́ọ̀sì yóò sọ fún ìyá òun, ìdènà pàápàá yóò padà di ọ̀rọ̀ àṣírí.

Ta ló ní àṣẹ: Aláùsá tàbí Àbújá?

Ìbéèrè yìí gba abẹ́ gbogbo èrò márààrún kọjá. Ìlera wà lára ohun tí ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ jọ ní ọwọ́ nínú. Òfin ìwà ọ̀daràn, ní ti ọ̀pọ̀ ẹ̀ṣẹ̀, ìpínlẹ̀ lè ṣe tirẹ̀, bí Èkó ti ṣe. Nítorí náà, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Èkó ní Aláùsá lè yí abala 145 padà láìdúró de Àbújá, ó sì lè mú un le sí i. Ní ìhà kejì, òfin àṣírí ti 2014 àti ti 2023 jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, òfin ìpínlẹ̀ kò sì yẹ kó bì wọ́n ṣubú. Ẹni tó ń tako òfin kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ilé tí wọ́n ti ṣe é, kó má baà lọ kan ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ohun tó kù tí kò tíì yanjú

Bí a bá to èrò márààrún pa pọ̀, ohun mẹ́ta ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ gbà. Kí a sa gbogbo ipá kí ìyá má kú. Kí ẹni tó bá dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ rí ìtọ́jú kíákíá, láìbi í bóyá oyún bàjẹ́ fúnra rẹ̀ ni tàbí wọ́n ṣẹ́ ẹ. Abala 20 òfin 2014 ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ pé kí ilé ìwòsàn kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì. Kí ohun tó ṣẹlẹ̀ sì dúró sí yàrá ìtọ́jú. Ìwọ̀nba ìfohùnṣọ̀kan yìí kò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ sílẹ̀, síbẹ̀ òun náà ni ìdádúró 2022 gbé sọ sápá kan.

Lẹ́yìn èyí, ìbéèrè ṣì pọ̀. Kí ni “ìlera ara” kó mọ́ra, ṣé ọpọlọ tó fẹ́ dàrú wà nínú rẹ̀? Kí ni òfin ní fún ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, nígbà tí Èkó ní àjọ tó ń rí sí ìwà ipá inú ilé àti ìbálòpọ̀ tipátipá, tí Mirabel Centre tó ń tọ́jú irú wọn sì wà ní Ìkẹjà láti 2013, ṣùgbọ́n tí òfin ìwà ọ̀daràn kò yà á sọ́tọ̀? Bí aláìsàn bá jẹ́ ọmọ ọdún 16, ta ló ni àṣírí, òun tàbí òbí rẹ̀? Bí ọlọ́pàá bá wọ ilé ìwòsàn láìmú àṣẹ kóòtù dání, ṣé akọ̀wé fáìlì mọ̀ pé òun lè kọ̀? Dókítà tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò gbà kó yọ oyún, títí dé ibo ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ dé, tí ti aláìsàn yóò sì bẹ̀rẹ̀?

Ìdádúró 2022 kò ní gbèdéke ọjọ́. Títí Aláùsá yóò fi dáhùn, dókítà kọ̀ọ̀kan ni yóò máa túmọ̀ abala 201 fúnra rẹ̀, ìtumọ̀ tí wọ́n bá lò ní ilé ìwòsàn kan ní Ifákọ̀ kò sì de èyí tó wà ní òdìkejì títì.